Ta ni Ọmọ Èkó?

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dà bí ẹni pé ó ti sùn ní Èkó, ṣùgbọ́n bí àkókò ìbò bá ti dé, tàbí bí ilẹ̀ bá ti gbówó lórí, kíá ni yóò jí. Ìbéèrè náà ni pé: ta ni ọmọ Èkó? Ní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń dìbò yan gómìnà, ẹnu tọmọdé tàgbà ni ìbéèrè yìí wà. Àwọn kan ní aláìmoore ni àlejò tí ó bá ń bá onílé du àga. Àwọn mìíràn ní ibi tí a bá bí ènìyàn sí, tí ó sì ti ń san owó orí, ni ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di èébú, èébú di ìhalẹ̀, ní àwọn ibùdó ìdìbò kan ó sì di ìjà. N kò fẹ́ bá òṣèlú kankan gbè níhìn-ín. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a mọ irú àwọn ènìyàn tí wọ́n para pọ̀ di ará Èkó, tí a sì mọ ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó kù sẹ́yìn. Ṣé lóòótọ́ ni a mọ̀ ọ́n?

Ohun tí ọ̀pọ̀ onítàn gbà ni pé àwọn Àwórì láti Ìṣẹ̀rí, ní etí odò Ògùn, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èbúté Mẹ́ta àti Ìddó kí wọ́n tó ré ọ̀sà kọjá sí erékùṣù. Ọlọ́fin ni orúkọ tí ìtàn fún olórí wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó pín ilẹ̀ fún, àwọn ìran wọ̀nyí ni a sì ń pè ní Ìdéjọ títí di òní olónìí: Àrọ̀mirẹ, Olúmẹ̀gbọ́n, Olóto, Ọ̀níru, Olúwa, Ọ̀jọ́ra àti àwọn yòókù wọn tí wọ́n ń dé fìlà funfun. Ibi tí ààfin ọba wà nísinsìnyí, Ìgá Ìdúngánrán, oko ata Àrọ̀mirẹ ni wọ́n ní ó jẹ́ rí. Àwọn wọ̀nyí ni onílẹ̀.

Ṣùgbọ́n onílẹ̀ kọ́ ni ọba. Àwọn ọmọ ogun Ọba Bìní ni wọ́n wá dó sí erékùṣù náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà ni pé orúkọ ibùdó ogun ní èdè Ẹ̀dó ni ó di Èkó mọ́ wa lẹ́nu. Aṣípà ni Ọba Bìní fún ní àṣẹ; ìran rẹ̀ ni ó ń jọba. Bí Aṣípà fúnra rẹ̀ ṣe jẹ́, ẹnu àwọn onítàn kò kò lórí rẹ̀: àwọn kan ní Àwórì láti Ìṣẹ̀rí ni, àwọn kan ní ọmọ Bìní ni. Àwọn ìjòyè Akárìgbéré, tí Ẹlẹ́tù Òdìbò jẹ́ olórí fún, ń tọ́ka sí Bìní gẹ́gẹ́ bí orírun wọn. Nítorí náà, láti ìpìlẹ̀, àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ kò jọba, àwọn tí wọ́n ń jọba kò ni ilẹ̀. Àwọn Potogí tí wọ́n gba ojú omi náà kọjá ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún sì fún ibẹ̀ ní orúkọ tiwọn, tí ó di Lagos. Ìlú tí ó gba orúkọ méjì lọ́wọ́ àlejò méjì ni à ń bi léèrè pé ta ni ọmọ rẹ̀.

Ìran kan tún wà tí a kì í fẹ́ dárúkọ. Òwò ẹrú ni ó sọ Èkó di ìlú ńlá. Nígbà tí ó máa fi di ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èbúté Èkó ti borí àwọn tí ó yí i ká nínú òwò yìí, ogun tí ó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé tí ó sì tú Òwu àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ká sì ń kó ènìyàn wá sí etí òkun láìdáwọ́ dúró. Gbogbo wọn kọ́ ni ọkọ̀ òkun kó lọ. Púpọ̀ wọn ni ó kù sí agboolé àwọn olówó ní Èkó, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń ro oko, tí wọ́n ń jagun fún olówó wọn. Nígbà tí òwò epo pupa sì gba ipò òwò ẹrú, àwọn ni wọ́n ń ru epo, àwọn ni wọ́n ń tukọ̀.

Ìtàn Oṣòdì Tápà fi bí nǹkan ṣe rí hàn kedere. Ọmọ Núpé ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti sọ. Ẹrú ni ó bá dé ààfin Èkó. Wọ́n rán an lọ sí Bùràsíìlì nítorí òwò, ó gbọ́ èdè Potogí, ó sì di balógun Kòsọ́kọ́, ẹni tí ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ ń wárí fún. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1868, ìjòyè pàtàkì ni ó kú ní Èkó. Kì í ṣe gbogbo ẹrú ni ó rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn di àrọ̀tà: wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìdílé olówó wọn, wọ́n ń gbé ilé tí olówó fi wọ́n sí, wọ́n ń bá wọn ṣe òkú wọn ṣe ìgbéyàwó. Ní ọdún 1861 tí Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gba ẹrú níní láàyè mọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí òwò dàrú, wọn kò sì tètè tẹ òfin náà mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ẹbí, níbo ni yóò lọ? Ilé tí olówó fún un gbé ni ó so ó mọ́lẹ̀ nígbà tí okùn ti já.

Ọmọ ọmọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bẹ ní Èkó lónìí. Èmi gbà pé wọ́n pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti fẹ́ jẹ́wọ́ lọ. Orúkọ agboolé ńlá ni wọ́n ń jẹ́, ọmọ Èkó pọ́ńbélé sì ni wọ́n lójú gbogbo ayé, àyàfi ní ọjọ́ tí ẹbí bá fẹ́ pín owó ilẹ̀ tàbí tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan jẹ oyè. Ọjọ́ náà ni àgbà kan yóò wúkọ́, tí yóò ní a mọ bí a ṣe bí oníkálukú. Kóòtù Èkó ti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè, ìran méjì mìíràn wọlé. Àwọn Sàró ni àkọ́kọ́. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ wọn, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, ni a mọ̀ jù nínú wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti ń padà bọ̀ sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Nígbà tí Èkó dẹ̀rọ̀, wọ́n dà síbẹ̀. Olówógbowó ni wọ́n fi ṣe ibùgbé. Wọ́n ti di onígbàgbọ́, wọ́n mọ̀wé, wọ́n ń wọ kóòtù àti ṣòkòtò òyìnbó, akọ̀wé àti oníṣòwò sì pọ̀ nínú wọn. Ojú tí onílé fi wò wọ́n kò dán tó bí àwọn ìwé ìjọ ti sọ. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí òun náà jẹ́ Ẹ̀gbá tí ó wá ṣòwò ní Èkó, bá wọn jà débi pé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú ní ọdún 1856. Ẹ ò rí i pé àlejò ni ó ń bá àlejò jà, tí àlejò kẹta sì ń dájọ́!

Àwọn Àgùdà ni ìran kejì. Bùràsíìlì ni púpọ̀ wọn ti wá, àwọn díẹ̀ sì wá láti Kúbà. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá ṣọ̀tẹ̀ ní Bàhíà ní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ fi ìyà jẹ gbogbo ènìyàn dúdú tí ó ti ra ara rẹ̀ padà. Wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀ padà wálé. Benjamin Campbell, tí ó jẹ́ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó láti ọdún 1853, dáàbò bò wọ́n. Pópó Àgùdà di tiwọn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, alágbẹ̀dẹ. Ilé alájà tí wọ́n fi òdòdó símẹ́ńtì ṣe ojú fèrèsé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n, wọ́n sì mú ẹ̀wà fùrèjọ́ọ̀nù wá, èyí tí a ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣíwájú Àjíǹde. Da Rocha, Da Silva, Pereira, Cardoso, Martins: gbogbo orúkọ wọ̀nyí di orúkọ Èkó.

John Glover, tí ó ṣàkóso Èkó títí di ọdún 1872, tún fi kún wọn. Ó kó àwọn Haúsá tí wọ́n sá kúrò lóko ẹrú jọ, ó sọ wọ́n di ọmọ ogun; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé Haúsá ṣe dé Èkó ṣáájú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pè wọ́n ní àjòjì tó dé. Nígbà tí Ifọ̀lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, tí wọ́n fọ́ ilé ìsìn tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó oníwàásù, àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá tẹ̀lé wọn, Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ìlú ti ń pín ara rẹ̀ ní ìpín mẹ́rin nígbà náà: Ìsàlẹ̀ Èkó fún àwọn onílé, Olówógbowó fún Sàró, Pópó Àgùdà fún Àgùdà, etí omi fún òyìnbó. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìpín yìí tan ara wa jẹ. Mohammed Shitta, ẹni tí ó kọ́ mọ́sáláṣí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, Sierra Leone ni a bí i sí, Mùsùlùmí ni, kì í ṣe onígbàgbọ́ bí ọ̀pọ̀ Sàró. Àgùdà, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́sáláṣí náà fún un. Ọba ilẹ̀ Tọ́kì ni ó fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ọ̀wọ́ wo ni akọ̀wé ìkànìyàn ìbá kọ ọ́ sí?

Akọ̀wé sì ń kà wọ́n. Ní ọdún 1866, ènìyàn 25,083 ni wọ́n kà ní Èkó. Ní àwọn ọdún 1880, Àgùdà tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Sàró tó bí ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀, òyìnbó kò sì ju ọgọ́rùn-ún lé díẹ̀ lọ. Bí a bá pa gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìwé ìtàn ń ròyìn wọn yìí pọ̀, wọn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìlú. Àwọn tí ó kù, tí kò kọ ìwé ìròyìn tí kò sì kọ ìwé ìrántí, ni Èkó gan-an. Mùsùlùmí láàárín wọn sì ń pọ̀ sí i débi pé ní ìparí ọ̀rúndún náà wọ́n ti ń sún mọ́ ìdajì gbogbo ará ìlú. Mo máa ń rántí èyí nígbàkúùgbà tí mo bá ń ka ìwé tí ó sọ̀rọ̀ Èkó àtijọ́ bí ẹni pé ijó òyìnbó àti dùùrù nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ọdún kan náà tí wọ́n parí Afárá Carter. Ènìyàn 41,847 ni wọ́n kà ní ọdún náà. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ó di 73,766. Ní ọdún 1931 ó di 126,108. Obìnrin kò lè bí ọmọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọdún. Ojú irin ni ó ń kó wọn bọ̀.

Láàárín ìpọ̀sí yìí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbóná. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá ní ọdún 1913. Olóyè Amodu Tijani, tí ó jẹ́ Olúwa, ní ìdílé òun ni ó ni ín, kí wọ́n san owó rẹ̀. Kóòtù ní Nàìjíríà sọ pé àṣẹ lásán ni Olúwa ní lórí ilẹ̀, kò ní ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì dá Olúwa láre ní ọdún 1921: ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ènìyàn náà lápapọ̀, olóyè sì ni ó dúró fún wọn. Ìdájọ́ yìí ṣì ń lágbára nínú òfin ilẹ̀ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ta ni ó bá Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Herbert Macaulay ni, ọmọ ọmọ Àjàyí Crowther. Sàró ni. Ìlú baba rẹ̀ kì í ṣe Èkó, ìlú ìyá rẹ̀ kì í ṣe Èkó, kò sì ní ilẹ̀ Ìdéjọ kankan láti jogún. Òun náà ni ó gbèjà Èṣùgbàyí Elékòó nígbà tí ìjọba lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1925, títí ọba náà fi padà sílé ní ọdún 1931. Bí ẹnì kan bá sọ fún àwọn obìnrin ọjà Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà pé Macaulay kì í ṣe ọmọ Èkó, ariwo ni wọn ì bá fi lé e.

Àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ọdún 1924, ìjọba sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ náà kò wá balẹ̀ sórí àárín ìlú títí di ọdún 1955, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó agboolé lẹ́yìn agboolé lórí erékùṣù. Peter Marris, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fara balẹ̀ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lórí wọn ní ọdún 1961. Ìyá tí ó ń tajà lójúde ilé rẹ̀ di ẹni tí ń gbé Sùúrùlérè, tí kò rí oníbàárà, tí owó ọkọ̀ kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ wò. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí tú ìran àwọn onílé ká ju bí àlejò kankan ti ṣe lọ. Ìjọba ni ó sì ṣe é, ní orúkọ ìmọ́tótó.

Nígbà tí wọ́n ka Èkó ní ọdún 1950, kò tó ìdajì àwọn tí ń gbé ibẹ̀ tí a bí síbẹ̀. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Ìgbò, Ẹ̀dó, Haúsá, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ní ọdún 1951 tí òfin tuntun fi Èkó sí abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, Nnamdi Azikiwe wà lára àwọn tí Èkó dìbò yàn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn kan nínú ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn kò fẹ́ kí Ìbàdàn máa ṣe àkóso àwọn. “Gẹ̀dẹ̀gbẹ́ l'Èkó wà” ni wọ́n ń ké, wọ́n sì yọ Èkó kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954. Àlejò tí onílé ń bẹ̀rù nígbà náà, ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí wọ́n so Ìkòròdú, Àgbádárìgì, Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́ mọ́ ìlú Èkó. Báyìí ni àwọn Ègùn Àgbádárìgì, tí èdè wọn kì í ṣe Yorùbá rárá, ṣe di onílé ní ìpínlẹ̀ tí àwọn kan ń pè ní ti Yorùbá nìkan. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ní ènìyàn tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lé díẹ̀ ni ó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní irọ́ ni, àwọn kà á, àwọn sì rí mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀. Wọn kò tíì kà á mọ́ láti ìgbà náà. Èyí tí ó burú jù ni pé láti ìkànìyàn ọdún 1991 ni wọ́n ti yọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò nínú ìbéèrè, nítorí ìbẹ̀rù ìjà. Akọ̀wé òyìnbó ọdún 1881 mọ iye Àgùdà tí ó wà ní Èkó. Lónìí, kò sí ẹni tí ó lè fi ìwé sọ iye Àwórì tàbí iye Ìgbò tí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ ìdá mélòó nínú mélòó lẹ́nu àwọn olóṣèlú.

Ìwé kan ṣoṣo tí ó ń dáhùn ìbéèrè wa ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fún ènìyàn. Ìlú baba ni ìwé náà ń béèrè, kò béèrè ibi tí a bí ọ sí, kò sì béèrè iye ọdún tí o ti lò. Ọmọ tí a bí ní Yábàá, tí a bí baba rẹ̀ ní Yábàá, lè rìn lọ sí Èkìtì tàbí Ẹnúgù láti lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Macaulay, Òyó tàbí ibòmíràn ni wọn ì bá ní kí ó lọ.

Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, ibẹ̀ ni òun àti Oṣòdì àti àwọn ènìyàn wọn sá lọ, wọ́n sì ṣe àtìpó fún bí ọdún mẹ́wàá láàárín àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní ọdún 1862 Kòsọ́kọ́ padà sílé. Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá a padà. Títí di òní, ìhà méjì ni Ẹ̀pẹ́ pín sí, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí a bá pè ní Èkó níbẹ̀, ọmọ àtọ̀húnrìnwá ni. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé Oṣòdì padà sí erékùṣù gba ilẹ̀ tuntun tí wọ́n fi tẹ̀dó, àwọn ará Èkó sì fún àdúgbò náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́ di òní: Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.